Dòdò ní Ọjà Ejìnrìn

Ejìnrìn wà ní etí ọ̀sà, láàrin Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ẹni tí ó bá gba ibẹ̀ kọjá lónìí lè máà wo ẹ̀yìn wò ó, nítorí ìlú kékeré ni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, bí ènìyàn bá ń ka àwọn ọjà ńláńlá tí ó wà ní etí ọ̀sà, kò lè kà wọ́n tán kí ó má dárúkọ Ejìnrìn. Láti Èkó ni àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń kó iyọ̀, aṣọ òyìnbó àti ọtí wá. Láti òkè ni a ti ń ru epo pupa, ekùrọ́, aṣọ híhun àti oúnjẹ oko sọ̀kalẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú kò jẹ́ kí ará Èkó gòkè kọjá ọjà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò jẹ́ kí ará òkè sọ̀kalẹ̀ tààrà lọ sí Èkó. Àárín ni wọ́n jókòó sí, àárín náà ni èrè wà. Bí ọ̀ràn ti rí nìyẹn títí di ọdún 1892, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmágbọ̀n tí ọ̀nà sì là. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, tí ọ̀nà mọ́tò sì ń pọ̀ sí i lẹ́yìn náà, ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí gba ibòmíràn kọjá, òkìkí ọjà náà sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Orúkọ ìlú yìí pàápàá tó ohun tí ènìyàn lè dúró wò. Ejìnrìn ni a ń pe ewé kan tí ó máa ń fà lára ọgbà, tí ó korò gidigidi, tí àwọn àgbà sì fi ń ṣe oògùn. Síbẹ̀, bí obìnrin kan bá sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ń lọ sí Ejìnrìn, ọkọ náà kò ní bi í pé kí ni ó fẹ́ fi ewé ṣe. Bí ó bá sì ní òun fẹ́ lọ já ejìnrìn lẹ́yìn ilé, ọkọ náà kò ní wá ọkọ̀ ojú omi fún un. Èdè kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ní ilé méjì, wọ́n sì mọ èyí tí ó ń lọ. Ìṣòro kò tíì dé. Ọjọ́ tí ẹni méjì bá pàdé, tí èdè olúkúlùkù yàtọ̀, tí ọ̀rọ̀ kan náà sì wà ní ẹnu àwọn méjèèjì pẹ̀lú ìtumọ̀ tí kò bá ara wọn tan, ọjọ́ náà ni ìṣòro dé.

Irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ kò lè ṣọ̀wọ́n ní ọjà etí omi. Ìjẹ̀bú ń na ọjà, ará Èkó ń na ọjà, bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀gùn àti Ìlàjẹ. Ní Èkó, àwọn Sàró ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíìlì dé ń sọ èdè Potogí. Àwọn Haúsá náà kò gbẹ́yìn: láti àwọn ọdún 1860 ni ìjọba Èkó ti ń gbà wọ́n sí iṣẹ́ ológun, wọ́n sì wà nínú àwọn tí ó jà ní Ìmágbọ̀n.

Kí a fi ojú inú wo òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan, ní kété lẹ́yìn ogun náà. Ìyá kan gbé agbada kaná ní ẹ̀bá èbúté. Epo ti gbóná. Ó ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó pọ́n dáadáa, ó ń gé e, ó sì ń dà á sínú epo; òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo èbúté kan. Ọkùnrin Haúsá kan yọ. Ó wọ ẹ̀wù ńlá, ó gbé àpò kan kọ́ èjìká, ebi sì ń pa á. Ó sún mọ́ ìyá náà, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní:

“Sannu, Mama.”

Ìyá náà gbé ojú sókè. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ ni “Ṣàánú.” Ó wo ẹ̀wù ọkùnrin náà láti òkè dé ilẹ̀.

“Kí n ṣàánú kẹ̀, Màlámù? Ẹ̀yin tí ẹ wọ irú ẹ̀wù yìí? Ta ni ó yẹ kí ó ṣàánú ẹnì kejì nínú àwa méjèèjì?”

Ọkùnrin náà kò gbọ́ Yorùbá. Ó rí i pé ojú ìyá náà le, ó sì rò pé kíkí tí òun kí i ni kò tó. Nítorí náà ó tún kí i dáadáa: “Ina kwana?”

“Iná?” Ìyá náà fò dìde. Ó wo ìdí agbada, ó wo ẹ̀yìn, ó gbọn ìró rẹ̀ yẹ̀ẹ̀. Kò sí ibi tí iná ràn mọ́. Àwọn tí ó pàtẹ nítòsí bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín wọn sì mú kí inú bí i. Ọkùnrin náà, tí kò mọ ohun tí ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, na ìka sí agbada láti béèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

“Dòdò ni!” ni ìyá náà fi ìbínú dá a lóhùn. “Ẹ ò rí dòdò rí ni?”

Ọkùnrin náà fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

Kí a fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ ná, kí a sì wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bú ẹnì kejì nínú wọn. Kò sí ẹni tí ó purọ́. Ní èdè Haúsá, “sannu” jẹ́ kíkí tí ènìyàn lè kí ẹnikẹ́ni ní ìgbàkígbà. Kò mọ ohunkóhun nípa àánú ṣíṣe. “Ina” ni a fi ń béèrè ibi tí nǹkan wà tàbí bí ó ti rí, “kwana” sì ni sísùn di ọjọ́ kejì. Nígbà tí a bá pa wọ́n pọ̀, ohun tí ó ń béèrè ni pé báwo ni ẹ ti sùn, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń béèrè bóyá ènìyàn jí dáadáa. Ọkùnrin náà ń ṣe ohun tí ọmọ tí a kọ́ dáadáa máa ń ṣe ní òwúrọ̀. Ní ti “dodo”, bí ọmọ Haúsá bá ń gbọ́ àlọ́ ní alẹ́, Dodo ni ẹ̀dá abàmì burúkú tí ó ń gbé inú igbó, tí ó ń gbé ènìyàn mì. Ẹni tí ó ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ láti kékeré ni a wá sọ fún pé òun ni ó wà nínú epo yìí, tí a ń dín. Bí ó bá fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ta ni yóò bá a wí?

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò fínnífínní yóò sọ pé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà tán. Òótọ́ ni. Dòdò ti Yorùbá, ohùn ìsàlẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí, ohùn ìsàlẹ̀ náà ni ó parí sí. Dodo ti Haúsá ga ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì wálẹ̀ ní ìparí, àní bí ẹni pé a kọ ọ́ ní “dódò”. Èdè Haúsá náà ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ń kọ ọ́ kì í sábà fi àmì sí i. Ọmọ Yorùbá mọ ohun tí ohùn lè ṣe. Ó mọ̀ pé òdodo kì í ṣe òdòdó, àti pé dòdò tí ó wọ inú kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìdodo tí ó wà lórí inú. Ṣùgbọ́n etí tí ó bá ń gbọ́ èdè àjèjì kì í dúró wọn ohùn. Ohun tí ó bá jọ èyí tí ó ti wà nílé ni ó ń dì mú kíákíá, ó sì ń sáré gbé e wọlé.

Ìrìn àjò ọ̀rọ̀ yìí kò sì parí sí Ejìnrìn. Ní Kétu àti Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ tí ó di Orílẹ̀-èdè Benin lónìí, àwọn ọmọ Yorùbá ń fi èdè Faransé kọ́ ẹ̀kọ́ ní ilé ìwé. Ní èdè Faransé, “dodo” ni àwọn ìyá fi ń pe oorun fún ọmọ ọwọ́; nígbà tí wọ́n bá sọ fún ọmọ pé kí ó ṣe dodo, wọ́n fẹ́ kí ó pa ojú dé. Ọmọ Kétu tí ó bá gbọ́ dòdò nílé yóò máa retí àwo, bí ó bá sì gbọ́ ọ ní èdè Faransé, ibùsùn ni yóò máa wò. Bí ènìyàn bá tún kọjá sí Òkun Íńdíà, ní erékùṣù Mauritius, ẹyẹ ni yóò bá níbẹ̀, tàbí kí a sọ pé ìtàn ẹyẹ, nítorí ẹyẹ náà fúnra rẹ̀ kò sí mọ́. Ó tóbi, ó sanra, kò lè fò. Àwọn atukọ̀ ará Holland dé erékùṣù náà ní 1598. Kí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún tó parí, àwọn ènìyàn àti àwọn ẹran tí wọ́n kó wá ti run ẹyẹ náà pátápátá. Dodo ni wọ́n ń pè é. Oúnjẹ, ẹ̀dá abàmì, oorun ọmọ ọwọ́, òkú ẹyẹ: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ru gbogbo wọn, wọn kò sì mọ ara wọn rí.

Kí ni ó fa èyí? Ẹni tí ó bá mọ ìṣirò díẹ̀ kò ní ṣe ìyanu púpọ̀. Nínú ábídí Yorùbá, kọ́ńsónáǹtì 18 ni ó wà, fáwẹ̀lì sì jẹ́ 7. Bí a bá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ́ńsónáǹtì ṣáájú ọ̀kọ̀ọ̀kan fáwẹ̀lì, tí a kò ka ohùn àti fáwẹ̀lì àránmúpè mọ́ ọn, sílébù 126 ni a óò rí. Ọ̀rọ̀ onísílébù méjì tí a lè fi wọ́n hun jẹ́ 126 lọ́nà 126, èyí tí í ṣe 15,876. Iye yìí dà bí ẹni pé ó pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá mú àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ sílébù kan náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, bíi dodo, baba, dada, àwọn wọ̀nyẹn kò ju 126 péré lọ. Èdè tí ènìyàn ń sọ ní ayé tó nǹkan bí 7,000, ẹnu gbogbo wa kò sì yàtọ̀: ètè méjì, ahọ́n kan, eyín, àjà ẹnu àti imú. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé bá ń bu ọ̀rọ̀ láti inú apẹ̀rẹ̀ kékeré bẹ́ẹ̀, báwo ni wọn kò ṣe ní mú ohun kan náà? Ohun ìyanu ni ìbá jẹ́ bí wọn kò bá mú un.

A gbọ́dọ̀ yọ àwọn ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ o. Baba àti mama kò bá ti dodo lọ. Ní 1960 ni Roman Jakobson, onímọ̀ èdè kan, ṣe àlàyé ìdí tí irú wọn fi wà káàkiri ayé: ètè ni ọmọ ọwọ́ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lò, nítorí náà “ma” àti “ba” àti “pa” ni ó ń tètè jáde lẹ́nu rẹ̀, àwọn òbí a sì yára gbà á gẹ́gẹ́ bí orúkọ ara wọn. Síbẹ̀ àwọn òbí kò pín in bákan náà níbi gbogbo. Ní èdè Georgia, ní ẹ̀bá Òkun Dúdú, bàbá ni wọ́n ń pè ní mama, ìyá sì ni wọ́n ń pè ní deda. Lọ́dọ̀ àwọn ará Rọ́ṣíà, baba jẹ́ ìyá àgbà tàbí obìnrin ará oko. Haúsá ní tirẹ̀ ń pe bàbá ní baba gẹ́gẹ́ bí ti Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ó bá yí ohùn rẹ̀ padà, aró ni ó ń sọ. Ó dára tí kì í ṣe aláró ni ọkùnrin wa bá pàdé ní èbúté.

Ohun tí ó wúwo nínú ọ̀ràn yìí kọjá ẹ̀rín ọjà. Bí ènìyàn bá rí ọ̀rọ̀ méjì tí ó jọra, ọkàn rẹ̀ a máa sáré sí ọ̀kan nínú ibi méjì: bóyá ẹni yìí ń bú mi, tàbí bóyá ẹni yìí jẹ́ ìbátan mi. Ìyá oní-dòdò sáré sí ti àkọ́kọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé púpọ̀ ti sáré sí ti èkejì. Ní 1948, àlùfáà àgbà kan ní Èkó, J. Olumide Lucas, tẹ ìwé jáde lórí ẹ̀sìn àwọn Yorùbá, nínú èyí tí ó ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá wé ti Íjíbítì àtijọ́, tí ó sì fi ìjọra wọn gbé e kalẹ̀ pé láti Íjíbítì ni Yorùbá ti wá. Iṣẹ́ aláápọn ni, ìfẹ́ ilẹ̀ baba sì wà nínú rẹ̀. Ní àkókò tí àwọn kan ń sọ pé ènìyàn dúdú kò ní ìtàn, ta ni kò ní fẹ́ bá àwọn tí ó kọ́ ilé ńlá òkúta wọ̀nyẹn tan? Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè kò gbà á, ìdí rẹ̀ sì ni pé ẹni tí ó bá ní sùúrù tó lè mú ìwé atúmọ̀ èdè méjì èyíkéyìí, kí ó sì kó ọ̀rọ̀ tí ó jọra jọ kún agbọ̀n. Bí ìjọra lásán bá tó, à bá ti sọ pé Mauritius ni wọ́n ti kọ́kọ́ dín ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Ní ìhà àríwá Queensland ní Ọsirélíà, àwọn ọmọ onílẹ̀ kan máa ń sọ èdè tí a ń pè ní Mbabaram tẹ́lẹ̀ rí. Nígbà tí onímọ̀ èdè R. M. W. Dixon ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, ó béèrè ohun tí wọ́n ń pe ajá. “Dog” ni wọ́n wí fún un, gẹ́gẹ́ bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń pè é gan-an. Ẹnikẹ́ni ìbá rò pé lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ni wọ́n ti yá a. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn èdè tí ó bá Mbabaram tan ń pe ajá ní “gudaga”. Mbabaram a máa gé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kù, a sì máa yí fáwẹ̀lì rẹ̀ padà ní ọ̀nà tí ó ṣe déédéé, bí ó sì ti ṣe sí àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn ni ó ṣe sí gudaga títí ó fi di dog. Ìró kan náà, ìtumọ̀ kan náà, síbẹ̀ wọn kò bá ara wọn tan, ẹnì kan kò sì yá a lọ́wọ́ ẹnì kan.

Nípa bẹ́ẹ̀, báwo ni a ṣe ń mọ ìbátan? Ìbátan tòótọ́ kì í jọra nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kí a wo Ìgbò. Etí ni Yorùbá ń pè é, ntị ni Ìgbò ń pè é, ẹnu ni ti Yorùbá, ọnụ ni ti Ìgbò, imú, imi, ẹ̀ta, atọ. Kò sí èyí tí ó bára mu pátápátá nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó jìnnà. Ara ènìyàn àti ìṣirò, ohun tí a kì í sáàbà yá, ni wọ́n sì jẹ́. Irú àkójọ báyìí ni Sigismund Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì, ṣe ní Freetown, nígbà tí ó jókòó ti àwọn ẹrú tí a ti dá sílẹ̀, tí ó ń bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ní àwọn ọ̀rọ̀ kan náà. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1854, èdè tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 100, Ìjẹ̀bú sì wà lára wọn. Nígbà tí Joseph Greenberg tẹ ìwé rẹ̀ lórí àwọn èdè Áfíríkà jáde ní 1963, ó pín Yorùbá, Ìgbò àti Ẹ̀dó sí agbo ilé kan, ó sì pín Haúsá sí òmíràn, níbi tí Lárúbáwá àti Hébérù wà. Yorùbá àti Haúsá, tí wọ́n ti ń ná ọjà kan náà fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kò tilẹ̀ bá ara wọn tan ní ti èdè.

Ṣùgbọ́n wọ́n ti bá ara wọn gbé, ìyẹn náà sì ní àmì tirẹ̀. Kí a padà sí èbúté. Ọkùnrin náà ṣì dúró, ìyá náà ṣì ń wò ó. Nígbà tí kò mọ ohun tí yóò tún ṣe, ó sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó tú ẹnu rẹ̀, ó sì bu ohun tí ó ń tà jáde.

“Albasa,” ni ó wí, pẹ̀lú ohùn kékeré.

“Àlùbọ́sà!” ni ìyá náà ké. Ojú rẹ̀ là.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti dodo. Èyí kò ṣe kòńgẹ́ lásán. Ó ti rìn. Láti ẹnu àwọn Lárúbáwá ni ó ti wọ inú èdè Haúsá, Yorùbá náà sì gbà á pẹ̀lú àlùbọ́sà fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gba ọjà àti orúkọ ọjà pọ̀. Wàhálà gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Àlàáfíà náà kò yàtọ̀: nígbà tí ọkùnrin náà rí i pé ojú ìyá náà ti tutù, tí ó ní, “Lafiya?”, ìyá náà kò nílò ògbufọ̀. Ó ní, “Làáfíà ni, a dúpẹ́.” Ó bu dòdò díẹ̀ sí ewé, ó nà án sí i, ó sì gba àlùbọ́sà mẹ́ta.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní lè máà dé èbúté Ejìnrìn, ṣùgbọ́n wọn kò lè sá fún irú ìpàdé yìí. Inú ìwé ni ti wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò rí lẹ́tà mẹ́ta wọ̀nyí, “sin”, wọn yóò sì sọ fún un pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Nílé, sìn ni ohun tí ènìyàn ń ṣe fún Ọlọ́run, sin ni ohun tí a ń ṣe fún òkú, sín sì ni ohun tí ata ń mú ni ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni “gun” tí í ṣe ìbọn lọ́dọ̀ wọn, tí àwa ń fi iyán gún, tí a sì ń fi ẹṣin gùn. Bẹ́ẹ̀ ni “fun” tí í ṣe eré. Ní 1875 ni àwọn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì pàdé ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀. Àwọn ọmọ kan ń kùn pé àmì orí àti àmì ìdí yọ àwọn lẹ́nu jù. Kí wọ́n gbìyànjú láti ka “sin” láìsí àmì nínú ìwé tí ó sọ̀rọ̀ nípa ìsìn àti ìsìnkú pọ̀, wọn yóò rí i.

Lẹ́yìn ìwé ni orúkọ. Èyí ni ó máa ń dùn ni jù, nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí a fi orúkọ òun ṣẹ̀fẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń jẹ́ Túndé, tí a fún ní orúkọ náà nítorí pé bàbá àgbà kú kí a tó bí i, lè dé ilẹ̀ Hungary kí ó sì bá àwọn ọmọbìnrin tí ń jẹ́ Tünde níbẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe iwin ẹlẹ́wà ni akéwì wọn, Vörösmarty, ti yọ orúkọ náà nínú eré tí ó kọ ní nǹkan bí 1830. Bọ́lá yóò dé ọ̀dọ̀ àwọn Potogí, wọn yóò ní bọ́ọ̀lù ni orúkọ rẹ̀. Ṣọlá yóò dé Spain, wọn yóò ní obìnrin tí ó dá wà ni. Orúkọ ẹni tí a bí sínú ọlá àti ẹbí wá di ti ẹni tí kò ní alábàárìn. Akin nìkan ni ó ṣe oríire díẹ̀, nítorí nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tí a ń kọ bákan náà túmọ̀ sí ẹni tí ó bá ni tan. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ Ṣọlá bá ń rẹ́rìn-ín, ó lè sunkún, ó lè bínú, ó sì lè ṣe bí àwọn kan ti ń ṣe, kí ó pa orúkọ rẹ̀ tì kí ó gba ti ẹlòmíràn. Ó tún lè jókòó, kí ó sọ ohun tí orúkọ náà jẹ́ nílé fún wọn. Èyí gba àkókò púpọ̀ ju ẹkún lọ.

Ní ti ọkùnrin Haúsá wa, ó jẹ gbogbo dòdò tí ó wà nínú ewé náà tán, ó sì lá epo tí ó kù ní ìka. Ọjọ́ pẹ́ kí ó tó padà dé ìlú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó dé, tí àwọn ọmọ yí i ká, tí wọ́n ń bi í ní ohun tí ó rí ní etí ọ̀sà, ó sọ fún wọn ní èdè wọn pé òun dé ọjà kan tí wọ́n ń pè ní Ejìnrìn, pé obìnrin kan ń dín dodo níbẹ̀ nínú epo, pé òun jẹ ẹ́, ó sì dùn. Àwọn ọmọ náà wo ara wọn. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn dìde, ó lọ jókòó sí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.